Ìtanràn Ojú Títì: Owó Tí Náírà Ti Jẹ Tán

Ẹni tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bá mú pé kò de bẹ́líìtì, N2,000 ló máa san. Bó bá wá fẹ́ fi ẹ̀gúnjẹ tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì, N10,000 sì ni ti ìyẹn, nítorí pé rìbá ní ìlà tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìwé ìtanràn. Ẹni tó ń tẹ fóònù lórí ìwakọ̀ máa san N4,000. Eré àsápajúdé jẹ́ N3,000. Àpọ̀jù ẹrù tàbí èrò jẹ́ N10,000, iye kan náà pẹ̀lú ti ẹni tí ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì rẹ̀ kò mọ́. Ìwàkuwà tó lè gbẹ̀mí èèyàn ló ga jù, N50,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó mutí yó, tó sì lọ jókòó sídìí ọkọ̀, N5,000 péré ni tirẹ̀. Mo ti ka ìlà yẹn lákàtúnkà, n kò sì tíì rí ìdí tí ọtí fi fúyẹ́ ju àpọ̀jù ẹrù lọ lójú àwọn tó kọ ọ́.

Inú òfin ìrìnnà ọdún 2012 ni àwọn owó yìí ti wá. Lọ́dún yẹn, lẹ́yìn tí ará ìlú ti ṣe ìwọ́de lórí owó epo lóṣù Kìn-ín-ní, N97 ni ìjọba fi lítà bẹntiróòlù sí. Owó bẹ́líìtì nígbà náà á ra ogún lítà, kò sì sí dẹ́rẹ́bà tí kò ní dùn. Nígbà tí ọdún 2024 fi ń parí lọ, lítà kan ti kọjá N900, owó kan náà kò sì ra ju lítà méjì lọ. Kò sí ẹni tó dín ìtanràn náà kù, náírà ló yòrò mọ́ ọn lára. Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà èrò wá ń kà á mọ́ ìnáwó òòjọ́, bí wọ́n ṣe ń ka owó tíkẹ́ẹ̀tì gáréèjì.

Bẹ́ẹ̀, kì í ṣe owó ni wọ́n torí ẹ̀ dá iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀. Lọ́dún 1974, ìjọba ológun dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ lórí ààbò ojú pópó, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ rinlẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ohun tó nítumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1977, nígbà tí Ifẹ̀ àti Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Wọlé Ṣóyínká tó ń kọ́ni níbẹ̀ sì fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìjọba David Jemibewon, gómìnà ológun ìgbà náà, tó sì dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn ún. Láti 1965 ló ti kọ The Road, eré oníṣe tó dá lórí àwọn awakọ̀, àwọn ọmọ gáréèjì àti àwọn tó ń jẹun nídìí ọkọ̀ tó ti dànù. Ẹni tó ń pe ara rẹ̀ lọ́mọ Ògún, tó wá dúró lójú ọ̀nà láti sọ fún àwọn dẹ́rẹ́bà tó ń pajá fún Ògún pé kí wọ́n rọra, ó ní bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dùn.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ yẹn ni àwọn ará Ìbàdàn sọ ní "Maja-maja", orúkọ náà sì tẹ̀ lé àwọn tó rọ́pò wọn. Nítorí lọ́dún 1983, ìjọba àpapọ̀ tú wọn ká. Ọdún márùn-ún kọjá kí Babangida, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, tó fi òfin ológun karùndínláàádọ́ta, Decree 45 ti 1988, dá FRSC sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ṣóyínká ni alága ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́, Olú Agúnlóyè sì ni olórí òṣìṣẹ́. Òfin ọdún 2007 ni FRSC dúró lé lórí báyìí. Ohun kan tó kù láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Special Marshal: àwọn ará ìlú tó níṣẹ́ tiwọn, tí wọ́n ń fi àkókò wọn ṣe ẹ̀ṣọ́ láìgba owó oṣù.

Ibi tí òfin ìrìnnà ti jinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ eré, ibẹ̀ náà ni àwọn awakọ̀ kò sì ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀pọ̀ gbà pé ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni fún gbogbo wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni nìkan ló lè sá 100 ní wákàtí kan, lórí títì márosẹ̀. Tasín àti bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kọjá 90 níbẹ̀. Táńkà àti tírélà, 60. Nínú ìlú, 50 ni fún ọkọ̀ kékeré, 45 fún tírélà. Ẹ wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ ka iye tírélà tó ń sá 60. Torí èyí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lóṣù Kẹwàá ọdún 2016 pé kí ọkọ̀ èrò àti ọkọ̀ ẹrù ní ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí eré kọjá àlà.

Márosẹ̀ yẹn náà ló ń fi hàn bí àwọn agbófinró ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó gbéra ní Ọjọ́ta á kọ́kọ́ bá LASTMA pàdé, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2000. Tó bá ti kọjá Bẹ́gà, TRACE ti ìpínlẹ̀ Ògùn ló wà ní Ìbàfò, Mọ́wè, títí kọjá Ṣágámù. Tó bá wọ ilẹ̀ Ọ̀yọ́, OYRTMA ni. FRSC wà jálẹ̀jálẹ̀ nítorí ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ọlọ́pàá ń bẹ. VIO ń bẹ, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò bóyá ó tọ́ kó wà lójú títì. Bí dẹ́rẹ́bà bá ní "àwọn róòdù séfútì" ló gba ìwé òun, ẹ tún un bi, ó lè jẹ́ VIO ló ń wí.

Ó yẹ kéèyàn mọ̀ wọ́n yà sọ́tọ̀, torí ẹ̀tọ́ wà níbẹ̀. Ìtanràn FRSC kì í wọ ọwọ́ ẹ̀ṣọ́. Ìwé ni wọ́n á kọ fún ọ, báǹkì lo máa san án sí, àpò ìjọba àpapọ̀ ló ń lọ. Bí o kò bá gbà pé o jẹ̀bi, o lè kọ̀ láti san án, kí o lọ ṣàlàyé ara rẹ níwájú adájọ́. Àwọn awakọ̀ tó ń lo ẹ̀tọ́ yìí kò tó nǹkan, torí kóòtù á jẹ ọjọ́ iṣẹ́ kan gbáko, N2,000 kò sì tó ohun tí à ń pàdánù ọjọ́ iṣẹ́ lé lórí.

Lójú tèmi, ohun tó mú jù nínú òfin náà kì í ṣe owó. Ẹ̀ṣẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní máàkì tó ń kó lé láísẹ́ǹsì lórí. Bó bá ti di mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, wọ́n á kìlọ̀ fún awakọ̀. Láti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dé ogún, wọ́n á dá láísẹ́ǹsì náà dúró fúngbà díẹ̀. Bó bá kọjá ibẹ̀, wọ́n á gbà á. Ọ̀wọ́n-gógó kò lè jẹ máàkì bó ṣe jẹ N2,000. Ṣùgbọ́n ó dìgbà tí wọ́n bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, tí ẹ̀ṣọ́ tó wà ní Ọ̀rẹ̀ sì lè rí ohun tí ẹnì kejì rẹ̀ kọ ní Ìlọrin. Ó tún dìgbà tí awakọ̀ bá ní láísẹ́ǹsì, torí ẹni tí kò gba ọ̀kan rí kò ní ohun tí wọ́n máa kó máàkì lé lórí.