Ilé Àtòpọ̀ àti Àǹfààní Rẹ̀ fún Ìkọ́lé tí Kì í Ba Àyíká Jẹ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní ìlú Èkó, ó sì pa ọmọdé, ó pa àgbà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí dà wó, ẹ̀mí tí ó lé ní 40 sì ṣòfò.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ìwó sí Ìbàdàn kọjá ní àkókò òjò yóò rí òkìtì yanrìn tí àgbàrá ń wọ́ lọ, yóò rí àpò sìmẹ́ǹtì tí omi ti sọ di òkúta, yóò sì rí ògiri tí koríko ti hù lé lórí kí ó tó rí òrùlé. Owó ẹni tí ń kọ́lé ni ó ń bá àgbàrá lọ bẹ́ẹ̀.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àlàyé ọ̀nà ìkọ́lé kan tí ó lè dín òfò náà kù. Ọ̀nà náà ni pé kí a ṣe ẹ̀yà ara ilé sí ibòmíràn, kí a tó kó wọn wá tò pọ̀ ní orí ilẹ̀ tí ilé yóò wà. A ó yẹ ìtàn rẹ̀ wò, a ó ka àǹfààní rẹ̀, a kò sì ní fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Èrò wa ni pé olórí àǹfààní ọ̀nà yìí ni àyè tí ó fún wa láti yẹ ẹ̀yà ilé kọ̀ọ̀kan wò kí ó tó ru ẹrù. Bí a kò bá lo àyè náà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ilé tí a fi itọ́ mọ.

Kí ni Ilé Àtòpọ̀?

Ilé àtòpọ̀ ni orúkọ tí a ó máa pe irú ilé bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín in sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí a ń to ẹ̀yà kéékèèké rẹ̀ pọ̀, bí i búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀kùn, fèrèsé, àti igi tàbí irin òrùlé. Ìkejì ni èyí tí a ti da odidi ògiri rẹ̀ ní kọnkéré, tàbí tí a ti fi pákó kàn án, kí ọkọ̀ ńlá tó gbé e wá. Ìkẹta ni èyí tí odidi yàrá rẹ̀ ti parí, tí ó kù kí a gbé ọ̀kan ti èkejì.

Bí a bá fi ojú yìí wò ó, a ó rí i pé kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀nà àkọ́kọ́ ní Ìwó. Ibùdó tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù kún ẹ̀bá ọ̀nà wa. Ohun tí ó kù ni kí a ronú lórí ohun tí à ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀nà Yìí Kì í Ṣe Àjòjì

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé kì í dá gbogbo iṣẹ́ ṣe ní ojú kan. Ní oko ni wọ́n ti ń gé koríko bẹẹrẹ, tí wọ́n ń dì í ní ìdì-ìdì kí ó tó dé orí ilé. Ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà ni òpó àti ilẹ̀kùn ti ń wá. Olówè ará Ìsẹ̀, ògbóǹtarìgì agbẹ́gilére tí ó kú ní ọdún 1938, ni ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ní ọdún 1924, wọ́n yọ ilẹ̀kùn kan níbẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ó wáyé ní Wembley ní ìlú London. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum ni ó wà di òní. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé ẹ̀yà ilé tí a ṣe dáadáa ṣeé yọ kúrò ní ibi kan láìbàjẹ́, ó sì lè pẹ́ ju ẹni tí ó ṣe é lọ.

Àwọn òyìnbó náà mú irú ọgbọ́n yìí wá. Ní ọdún 1884, wọ́n kọ́ ilé ìjọba kan sí Kàlàbá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti gé igi rẹ̀ tí wọ́n sì ti wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ ojú omi tó kó o wá fún títò. Ilé náà ṣì dúró títí di òní olónìí gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà láàárín ilé yìí àti iṣẹ́ Olówè. Òkè òkun ni wọ́n ti ṣe ilé Kàlàbá, ọgbọ́n rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ọmọ ìlú. Ti Olówè wá láti ọwọ́ ará ilé, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì kọ́ ọ. Ọ̀nà ti Olówè ni ó yẹ kí a tọ̀.

Àwọn Àǹfààní Rẹ̀

(i) Àyẹ̀wò: Kọnkéré tí a dà sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ọjọ́ òjò, ta ni yóò mọ iye omi tí ó wọ inú rẹ̀? Lábẹ́ òrùlé ibi iṣẹ́, a lè wọn sìmẹ́ǹtì, yanrìn àti omi. A lè máa bu omi rin ohun tí a dà kí ó má baà gbẹ ní kíákíá. Ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń dá kọnkéré mọ̀ bóyá ó ti lágbára tó bí ó ti yẹ. Èyí tí kò bá yege, a ó gbé e jù sí apá kan, kò ní pa ẹnikẹ́ni.

(ii) Ìdínkù òfò: Pákó tí a fi ń gbá kọnkéré ró ní ojú ilé máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn ìlò díẹ̀. Ṣùgbọ́n àpótí irin tí a fi ń da kọnkéré ní ibi iṣẹ́ ṣeé lò ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Igi tí a kò gé láti fi ṣe pákó wà nínú igbó síbẹ̀.

(iii) Ìtọ́jú afẹ́fẹ́: Ṣíṣe sìmẹ́ǹtì ni ó ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 afẹ́fẹ́ kábọ̀n tí ọmọ aráyé ń tú sí ojú ọ̀run. Òun sì ni ó wà lára ohun tí ń mú ayé gbóná. Ẹni tí ó bá wọn sìmẹ́ǹtì kí ó tó lò ó, tí kò jẹ́ kí àpò kan sọ di òkúta, ti ṣe àyíká lóore, ó sì ti ṣe àpò ara rẹ̀ lóore.

(iv) Àkókò: Bí a ti ń wa ìpìlẹ̀ ní orí ilẹ̀ ni àwọn mìíràn lè máa kan òrùlé ní ibi iṣẹ́. Òjò kò ní dá iṣẹ́ dúró pátápátá.

(v) Títú àti títúntò: Ilé tí a fi nọ́ọ̀tì àti irin so pọ̀ ṣeé tú, kí a sì tún un tò sí ibòmíràn. Èyí tí a wó kò ní lò ju kí a kó àwókù rẹ̀ dànù lọ.

Ohun tí Ó Yẹ kí A Ṣọ́ra Fún

A kò gbọdọ̀ rò pé gbogbo ohun tí a bá ti ibi iṣẹ́ gbé wá ni ó dára. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàmù nínú yàrá kan ní àjà kejìdínlógún ilé Ronan Point ní ìlà-oòrùn London. Ògiri kọnkéré tí wọ́n dà ní ibòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Ògiri kan ṣí, èyí tí ó wà lórí rẹ̀ já lulẹ̀, ni igun ilé náà bá wó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin kú. Ibi tí ògiri ti pàdé ara wọn ni àṣìṣe wà. Oríkèé ni ẹ̀mí ilé àtòpọ̀.

Nítòsí wa, Kúnlé Adéyẹmí àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, NLÉ, kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó léfòó lórí omi ní Mákòókò ní Èkó ní ọdún 2013. Pákó ni wọ́n fi kọ́ ọ, àgbá oníke ni ó sì gbé e ró. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ẹ̀yà rẹ̀ sílẹ̀ fún títò gba ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún náà, òjò ńlá rọ̀, èyí tí ó wà ní Mákòókò sì wó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sí nínú rẹ̀. Ní ọdún 2021, wọ́n tún to irú rẹ̀ sí orí omi ní Mindelo ní orílẹ̀-èdè Cape Verde. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ilé pákó ń béèrè ìtọ́jú lóòrèkóòrè. Ọgbọ́n tí ó gba ẹ̀bùn lókè òkun kò lè ṣe iṣẹ́ alámòójútó nílé.

Bákan náà, ọ̀nà jíjìn lè ba àǹfààní jẹ́. Bí tírélà bá gbé ògiri láti Èkó wá sí Ìwó, owó epo àti ewu gbígbé kúrò lórí ọ̀nà tí kò dára lè ju èrè lọ. Nítorí náà, ibi tí a ti ń ṣe ẹ̀yà ilé gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibi tí a ó ti lò ó.

Ohun tí A Lè Ṣe ní Ìwó

Kò di ìgbà tí a bá ra ẹ̀rọ olówó gọbọi. Ibùdó búlọ́ọ̀kù ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn tí ń mọ ọ́n fi òṣùwọ̀n kan náà wọn yanrìn àti sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n máa bu omi rin ín, kí ẹni tí ń rà á sì béèrè fún àyẹ̀wò kí ó tó sanwó. Amọ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa ilé àti ọ̀nà ti ń polongo ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ erùpẹ̀ pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ láti fi ṣe bíríkì. Kò nílò iná láti sun ún, ó sì máa ń jẹ́ kí inú ilé tutù.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀nà yìí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu bíríkìlà. Òótọ́ ni pé ènìyàn tí yóò wà ní ojú ilé yóò dín kù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yóò ṣí lọ sí abẹ́ òrùlé, níbi tí òjò kò ti ní lé ọmọ iṣẹ́ lọ sílé láìgba owó ọjọ́, tí kò sì ní gun àkàbà lọ sí òkè réré. Ojúṣe ìjọba àti ilé-ẹ̀kọ́ ni láti kọ́ wọn ní ọwọ́ tuntun náà.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ilé àtòpọ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá, àti pé ó lè dín òfò owó, igi àti sìmẹ́ǹtì kù. A ti rí i pẹ̀lú pé oríkèé àti ìtọ́jú ni ó ń gbé e ró. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó di olùkọ́ lọ́la, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ó ti lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé yín pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ máa béèrè ẹni tí ó yẹ òpó rẹ̀ wò. Ìbéèrè náà kò ná wa ní nǹkan kan kí ilé tó dúró. Lẹ́yìn tí ó bá ti wó, kò sí ẹni tí ó lè san iye rẹ̀.