Bí A Ṣe Í So Ọkọ̀ Onígbòkun Kékeré Mọ́lẹ̀ Kí Ìjì Má Baà Gbé E Lọ

Ẹ̀yin ará wa tí ń gbé etí ọ̀sà, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Bí oko ti rí fún àgbẹ̀ ni ọkọ̀ rí fún apẹja. Ẹni tí ìjì bá gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ lóru, oúnjẹ ilé rẹ̀ àti owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó bá a lọ.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ nìkan ni a ń rò bí a bá ń so ọkọ̀. Ojú òkun ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń wá, láti ìhà gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà ibi tí igi tàbí ilẹ̀ ti dí ìhà yẹn ni a ń wá. Ṣùgbọ́n ìjì líle tí ń ṣáájú òjò ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti èyí tí ń padà wá nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, láti ìlà-oòrùn ni ó ti ń jà bọ̀. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ ọkọ̀ yóò yí padà, yóò sì máa fa okùn rẹ̀ láti apá kejì. Èèkàn kan ṣoṣo tí a gún sínú ẹrẹ̀ rírọ̀ kò lè gba irú ìfà bẹ́ẹ̀. Nínú omi oníyọ̀, ẹ̀dá kan tí ó rí bí ekòló tún wà tí ń lu igi láti inú. Òpó tí ara rẹ̀ ń dán lè ti di ihò.

Ohun tí ó dára ju èèkàn lọ ni ẹrù wíwúwo tí a rì sí ìsàlẹ̀ omi. Kọnkéré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ṣùgbọ́n omi a máa jí ìwúwo rẹ̀ gbé. Kọnkéré tí ó wọn kílò 100 lórí ilẹ̀ kò ní ju bí 58 lọ nínú omi. Irin tí ó wọn 100 yóò ṣì tó bí 87. Nítorí náà ẹni tí ó bá rí irin ńlá, bí ẹ́ńjìnnì mọ́tò tí ó ti kú, kí ó fọ epo ara rẹ̀ nù dáadáa, kí ó sì lò ó. Ẹni tí yóò da kọnkéré, kí ó dà á ní pẹlẹbẹ, kí abẹ́ rẹ̀ jìn díẹ̀ bí àwo, kí ẹrẹ̀ lè fà á mọ́lẹ̀. Òrùka irin tí ó nípọn ni kí ó rì sí àárín rẹ̀ kí ó tó gbẹ.

Okùn ni ọ̀pọ̀ ń ṣahun sí. Bí omi bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 nígbà tí ó fà, tí ó sì di 8 nígbà tí ó kún, 8 ni kí ẹ kà. Ẹ fi 2 kún un fún gíga imú ọkọ̀ lórí omi, ó di 10. Okùn kò gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po 3 rẹ̀, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 30. Bí ó bá jẹ́ ìdákọ̀ró ni ẹ lò dípò ẹrù, ìlọ́po 5 sí 7 ni. Okùn kúkúrú a máa dúró ṣánṣán, ìgbì kọ̀ọ̀kan a sì máa gbé ẹrù náà sókè. Okùn gígùn a máa fà á mọ́ ilẹ̀. Bí agbára bá gbé e, ẹ fi ẹ̀wọ̀n irin ṣe apá ìsàlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì tí a dé ẹnu rẹ̀ pinpin ni yóò gbé orí okùn léfòó nígbà tí ọkọ̀ bá lọ sí ibi iṣẹ́. Ọkọ̀ yóò máa yí po bí ewúrẹ́ tí a so. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún aládùúgbò yín. Ìjà etí omi tí mo ti bá wọn parí lórí èyí kò lóǹkà.

Okùn kì í sábà já láàrin, ibi tí ó ti ń ha etí ọkọ̀ ni ó ti ń já. Ẹ fi aṣọ kíki tàbí rọ́bà àlòkù wé e níbẹ̀. Ẹ máa ká ìgbòkun kúrò lórí òpó ní alẹ́. Ẹ sì máa ṣá koríko omi tí ó bá rọ̀ mọ́ okùn kúrò: kì í ṣe ojú-oró wa àtijọ́ ni mo wí, bí kò ṣe àlejò tí a kọ́kọ́ rí ní odò Àgbádárìgì ní 1984. Bí afẹ́fẹ́ bá kó o jọ, ìfà rẹ̀ lè tu ẹrù nílẹ̀.

Kí oṣù kẹta tó wọlé, ẹ fa okùn jáde, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí, kí ẹ sì pààrọ̀ ibi tí ó bá ti fẹ́ já. Bí ọkọ̀ bá já lóru, ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e nínú ìjì. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọ̀, kí ẹ sì wá a lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, nítorí ibẹ̀ ni ìjì ìlà-oòrùn í gbé e lọ.