Ilé oúnjẹ súṣì

Ilé oúnjẹ súṣì (ní èdè Japan: sushiya) jẹ́ ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń ta súṣì, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n fi ọtí kíkan, iyọ̀ àti ṣúgà díẹ̀ pò, tí wọ́n sì gbé ẹja, edé, ẹyin tàbí ẹ̀fọ́ lé lórí, tàbí tí wọ́n fi wọ́n sí àárín rẹ̀. Ìlú Tokyo, tí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ ń jẹ́ Edo, ni irú ilé oúnjẹ tí a mọ̀ lónìí yìí ti fìdí múlẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kí ó tó tàn ká ayé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹja tí a kò sè ni à ń pè ní súṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹja àìsè tí wọ́n gé pẹlẹbẹ láìsí ìrẹsì ní orúkọ tirẹ̀, sashimi. Ìrẹsì kíkan ló ń sọ oúnjẹ di súṣì, kódà bí kò bá sí ẹja kankan níbẹ̀.

Orúkọ náà

Ọ̀rọ̀ náà wá láti ara ọ̀rọ̀ àpèjúwe àtijọ́ kan nínú èdè Japan tí ó túmọ̀ sí "ó kan". Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, wọn kì í lo ọtí kíkan rárá. Wọ́n á fi iyọ̀ pa ẹja, wọ́n á tò ó sáàárín ìrẹsì sísè, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìrẹsì náà á kan bí ògì ṣe ń kan, kíkan rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹja bàjẹ́. Bí àkókò àtijẹ ẹ́ bá tó, ẹja ni wọ́n máa ń jẹ. Wọ́n á da ìrẹsì nù. Irú rẹ̀ kan, funazushi, ṣì wà lẹ́bàá adágún Biwa títí di òní. Nígbà tó yá ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í da ọtí kíkan sí ìrẹsì kí ó lè kan lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ ẹja àti ìrẹsì papọ̀.

Òǹkàwé lè ṣàkíyèsí pé "sushi" ń di "zushi" bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ṣáájú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú funazushi àti nigirizushi. Kì í ṣe àṣìkọ. Nínú àkànpọ̀ ọ̀rọ̀ èdè Japan, kọ́ńsónáǹtì àìkùnyùn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì sábà máa ń di akùnyùn.

Láti ẹ̀bá ọ̀nà dé inú ilé

Hanaya Yohei (1799–1858) ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó sọ nigirizushi di oúnjẹ gbajúmọ̀ ní Edo láàárín ọdún 1820 sí 1830. "Nigiri" túmọ̀ sí ohun tí a fi ọwọ́ dì. Wọ́n á fi ọwọ́ di ìrẹsì, wọ́n á tẹ́ ẹja lé e lórí, wọ́n á sì gbé e fún oníbàárà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ló ń jẹ ẹ́ jù lọ. Wọ́n á yà sí ìdí àtẹ, wọ́n á jẹ mélòó kan lórí ìdúró, wọ́n á sì bá tiwọn lọ, bí ẹni yà ra àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹyọ kan nígbà náà tóbi ju ti òde òní lọ dáadáa. Nítorí pé kò sí ẹ̀rọ amóhuntutù, púpọ̀ nínú ẹja náà kì í ṣe tútù gan-an: wọ́n ti fi iyọ̀ àti ọtí kíkan pa á, tàbí kí wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú omi sóyà dúdú, tàbí kí wọ́n ti bọ̀ ọ́.

Ọdún 1947 ni iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ogun Àgbáyé Kejì ti parí, oúnjẹ wọ́n bí ojú, ìjọba ń fi òṣùwọ̀n pín ìrẹsì fún ará ìlú, wọ́n sì gbé òfin kan jáde tí ó ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé oúnjẹ pa. Àwọn onísúṣì Tokyo kó ara wọn jọ, wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ. Àlàyé wọn ni pé àwọn kì í ṣe olóúnjẹ, alágbàṣe ni àwọn. Oníbàárà yóò gbé ìrẹsì tirẹ̀ wá láti ilé, ìwọ̀n gō kan (nǹkan bíi mílílítà 180), àwọn yóò sì bá a sọ ọ́ di ẹyọ súṣì mẹ́wàá. Owó iṣẹ́ ni yóò san. Bí ẹni gbé ẹ̀wà lọ sí ìdí ẹ̀rọ ìlọta ni ọ̀rọ̀ náà rí. Ìjọba gbà. Nítorí pé súṣì ti Edo ni ètò yìí dá lé, òun náà ló borí onírúurú súṣì ìbílẹ̀ tó wà ní àwọn agbègbè yòókù, tó sì di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ orúkọ náà. Bí oníbàárà bá rí àwo tí ó ní bí ẹyọ mẹ́wàá lónìí, ìrántí ètò ọdún náà wà nínú rẹ̀.

Jíjẹun níwájú pákó

Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe súṣì ni itamae, tí ó túmọ̀ sí "iwájú pákó", nítorí iwájú pákó ìgẹ́ran ni ó máa ń dúró sí. Oníbàárà á jókòó kọjú sí i, kò sì sí ògiri láàárín wọn. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lè lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí fífọ ìrẹsì, sísè é àti pípa ẹja kí wọ́n tó gbà á láyè láti dúró síbẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ yan oúnjẹ fúnra rẹ̀ lè sọ pé "omakase", èyí tí a lè túmọ̀ sí "mo fi lé yín lọ́wọ́". Itamae yóò wá máa gbé ẹyọ kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹja ọjọ́ náà bá ṣe rí. Kò sí èèwọ̀ nínú fífi ọwọ́ jẹ nigiri. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹni tí kò mọ igi ìjẹun méjì í lò máa tijú. Ojú ẹja ni wọ́n ń fi kan omi sóyà, kì í ṣe ojú ìrẹsì, torí pé ìrẹsì á mu ún jù, á sì tú. Atalẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan wà fún fífọ ẹnu láàárín ẹja kan sí òmíràn. Ohun aláwọ̀ ewé tí títa rẹ̀ ń gun imú ni wasabi. Itamae sábà máa ń fi díẹ̀ sábẹ́ ẹja kí ó tó gbé e wá.

Gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Sukiyabashi Jiro, tó wà ní abẹ́ ilẹ̀ ní Ginza, Tokyo, tí ìjókòó iwájú pákó rẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ. Jiro Ono, tí wọ́n bí ní ọdún 1925, ló dá a sílẹ̀. Fíìmù kan jáde nípa rẹ̀ ní 2011, ààrẹ Amẹ́ríkà Barack Obama sì jẹun níbẹ̀ pẹ̀lú Shinzo Abe ní oṣù kẹrin ọdún 2014. Ìwé atọ́nà Michelin fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ní 2019 wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, kì í ṣe nítorí pé oúnjẹ rẹ̀ bàjẹ́, bí kò ṣe pé ará ìlú lásán kò lè gba àyè níbẹ̀ mọ́. Oúnjẹ òṣìṣẹ́ ẹ̀bá ọ̀nà ti wá di ohun tí owó nìkan kò tó láti rà.

Súṣì orí bẹ́líìtì

Yoshiaki Shiraishi ló dá súṣì padà fún tálákà. Ó ní ilé oúnjẹ kékeré kan, kò sì rí owó gba òṣìṣẹ́ tó pọ̀. Ó rí bí ìgò ṣe ń tò lọ lórí bẹ́líìtì ní ilé iṣẹ́ ọtí bíà, ó sì ronú pé àwo súṣì náà lè máa rìn bẹ́ẹ̀ kọjá níwájú oníbàárà. Ní ọdún 1958 ó ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ ní ẹ̀bá Osaka. Bẹ́líìtì náà ń rin sẹ̀ǹtímítà 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá yára jù, ẹja á gbẹ, ọwọ́ kò sì ní lè bá àwo. Bí ó bá sì lọ́ra jù, ara oníbàárà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìpàtẹ Àgbáyé ti 1970 ní Osaka ló sọ ọ́ di mímọ̀. Àwọ̀ àwo ló ń fi iye owó hàn, wọ́n á sì ka àwo nígbà tí oníbàárà bá jẹun tán. Ní 2023, fídíò àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi itọ́ kan oúnjẹ àti ìgò omi sóyà tàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé oúnjẹ kan sì dá bẹ́líìtì ọlọ́fẹ̀ẹ́ yẹn dúró, wọ́n ń gbé kìkì ohun tí oníbàárà bá béèrè wá.

Ní òkèèrè

Ní Amẹ́ríkà, píà àti akàn ni wọ́n fi sínú irú súṣì kan tí wọ́n sọ ní California, wọ́n sì yí ìrẹsì síta kí ewé inú òkun má baà hàn sí ẹni tí kò bá fẹ́ràn ojú rẹ̀. Àwọn tó ń jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é wà ní Los Angeles àti Vancouver. Ẹja sámọ́ńì àìsè náà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti wà nínú súṣì láti ayébáyé, kì í ṣe àṣà Japan tẹ́lẹ̀, nítorí aràn tó wà nínú sámọ́ńì òkun wọn. Àwọn ará Norway, tí wọ́n ń sin tiwọn, ló bẹ̀rẹ̀ sí í polówó rẹ̀ fún wọn láàárín ọdún 1980 sí 1990.

Ẹja àìsè àti ìlera

Aràn Anisakis lè wà nínú ẹja òkun, ó sì lè fa inú rírun líle fún ẹni tó bá jẹ ẹ́ láàyè. Ọtí kíkan, ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti wasabi kò lè pa á. Ohun tó ń pa á ni iná tàbí òtútù líle: àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, FDA, ní kí wọ́n fi ẹja tí wọn kò ní sè sí òtútù ìwọ̀n 20 lábẹ́ òdo Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ méje, tàbí kí wọ́n mú un gan paali ní ìwọ̀n 35 lábẹ́ òdo, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 15. Saba, tí àwọn ará Japan fẹ́ràn púpọ̀ tí aràn yìí sì wọ́pọ̀ nínú rẹ̀, jẹ́ ìbátan ẹja títù tí wọ́n ń tà ní ọjà Nàìjíríà. Pé títù wá nínú yìnyín kò sọ ọ́ di ohun tí a lè jẹ láìsè nílé, nítorí pé ó lè ti yọ́ kí ó sì tún gan lójú ọ̀nà, kòkòrò àìfojúrí sì ń pọ̀ sí i ní gbogbo ìgbà tó bá yọ́. Ẹja odò àti adágún kò yẹ fún súṣì àìsè rárá. Wọ́n sì máa ń gba aboyún nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹra fún ẹja àìsè. Súṣì ẹyin, ti kùkúńbà àti ti edé bíbọ̀ wà fún wọn ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ súṣì.