Ìwé Méjì Tí Ń Parí Iṣẹ́ Agbaṣẹ́ṣe

Ilé, afárá tàbí ọ̀nà lè parí lójú agbaṣẹ́ṣe tí ó kọ́ ọ, síbẹ̀ kò tíì parí lójú àdéhùn títí wọn yóò fi fi ìwé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá káàkiri àgbáyé ń tẹ̀ lé, pàápàá èyí tí Báǹkì Àgbáyé ń náwó sí, ni ti FIDIC, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà agbaninímọ̀ràn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1913. Ìwé àdéhùn ẹgbẹ́ yìí, ẹlẹ́yìn pupa, tí ó jáde ní ọdún 1999, ya ìgbàṣẹ́ sí ìpele méjì tí àwọn ènìyàn sábà máa ń dà pọ̀.

Èkíní ni ìwé ìgbàsọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá ti tó lò, agbaṣẹ́ṣe yóò kọ̀wé béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnjiníà tí ń bójú tó iṣẹ́ náà, ẹni tí ó ní ọjọ́ 28 láti fún un, tàbí láti kọ̀, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ àti ohun tí ó kù ní ṣíṣe. Àléébù kéékèèké, bí ọ̀dà tí ó bó tàbí ilẹ̀kùn tí kò sé dáadáa, kò tó láti dá ìwé náà dúró. Ṣe ni wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún àtúnṣe. Bí ẹnjiníà bá dákẹ́ títí ọjọ́ 28 fi pé, tí iṣẹ́ sì bá àdéhùn mu ní pàtàkì, wọn yóò kà á sí pé ó ti fọwọ́ sí i, ohun tí ó sì tọ́ nìyẹn, nítorí pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ń retí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lè fi ìdákẹ́ lásán so agbaṣẹ́ṣe mọ́lẹ̀. Bákan náà, ẹni tí ó gbé iṣẹ́ jáde kò lè kó wọ apá kan ilé, kí ó tún máa sọ pé òun kò tíì gbà á.

Láti ọjọ́ tí ìwé náà bá dá ni ìtanràn ìfalẹ̀ ti dúró, ìtọ́jú ilé sì ń bọ́ sọ́wọ́ onílé ní ọjọ́ tí ìwé náà bá jáde. Agbaṣẹ́ṣe yóò gba ìlàjì owó àyọpamọ́, ìyẹn ìdá kan tí wọ́n ń yọ nínú gbogbo owó tí wọ́n ń san fún un. Ìlàjì kejì di ìgbà tí àkókò àtúnṣe àléébù, tí ó sábà máa ń jẹ́ ọdún kan, bá parí.

Lẹ́yìn àkókò yìí ni ìwé kejì, ìwé àṣeyanjú, tó jáde, òun nìkan ṣoṣo sì ni àdéhùn náà kà sí ìtẹ́wọ́gbà iṣẹ́. Síbẹ̀, ojúṣe tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì kò bá tíì ṣe títí di ọjọ́ náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.