Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Ṣé òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì lè fúnni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára?

Bẹ́ẹ̀ ni, bí òfin bá gbà á láyè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà ràn-ìn, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì tó ti kẹ́kọ̀ọ́ kọjá ìpele àkọ́kọ́ iṣẹ́ wọn láṣẹ láti gún ará ìlú ní àjẹsára Kòrónà. Àṣẹ náà kan àwọn dókítà eyín àti dókítà ẹran pẹ̀lú.

Kí ló fà á? Abẹ́rẹ́ ń pọ̀ sí i, ọwọ́ tó máa gún un ni kò tó.

Wọn kò kàn gbé abẹ́rẹ́ lé wọn lọ́wọ́ o. Ẹni tí kì í gún abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́lẹ̀ ní láti kọ́ ẹ̀kọ́ tí CDC, àjọ tó ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ṣètò nígbà náà, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú sì dúró tì í. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ á jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Bí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, tí ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì mọ ohun tó kàn.

Ní New York lọ́dún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì iléeṣẹ́ panápaná lọ bá àwọn àgbàlagbà tí kò lè jáde nínú ilé wọn láti gún wọn ní àjẹsára náà. Ìyá arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé àtẹ̀gùn mọ́ lè gba tirẹ̀ lórí àga ní pálọ̀.