Wọ́n ta ọkọ̀ kí wọ́n tó ní ibi tí wọn yóò ti kàn án

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àfi bíi pé Chung Ju-yung ni àwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n pa òwe yìí. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọkùnrin ará Korea náà, ìwé tó kà kò kọjá ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe ló sì sọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Hyundai, di ńlá. Síbẹ̀, lọ́dún 1971, ó gbéra, ó di ìlú London, ó lóun ń wá owó tí òun yóò fi dá ọgbà ìkanọkọ̀ òkun sílẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré.

Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ju àwòrán etíkun Mipo nílùú Ulsan lọ: iyanrìn lọ súà àti abà àwọn apẹja. Charles Longbottom, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ A&P Appledore, tí Chung fẹ́ kó bá òun bá báńkì sọ̀rọ̀, kò kọ́kọ́ gbà. Gẹ́gẹ́ bí Chung ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ki ọwọ́ bàpò, tó yọ owó bébà 500 won jáde, tó ní kí òyìnbó náà wo àwòrán ara rẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ ogun tí wọ́n ṣe bí ìjàpá ni, irú èyí tí Ọ̀gágun Yi Sun-sin fi bá àwọn ará Japan jà lọ́dún 1592. Ó ní bí àwọn baba ńlá àwọn bá lè kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ dá àwọn ọmọ wọn dúró?

Longbottom gbà, báńkì Barclays náà sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣòro tó le jù ṣì kù. Àjọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ ní àwọn kò ní fọwọ́ sí i, àyàfi bí Chung bá mú oníbàárà wá. Ta ni yóò ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò kan irú rẹ̀ rí, tí kò tilẹ̀ ní ibi tí yóò ti kàn án? George Livanos, ọlọ́kọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gíríìsì, ló gbà láti rà. Ọkọ̀ agbépo méjì ló ní kí wọ́n kan fóun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé nǹkan bí 260,000 tọ́ọ̀nù. Ìjọba Gúúsù Korea náà dúró lẹ́yìn gbèsè ọ̀hún, torí Ààrẹ Park Chung-hee ti pinnu pé dandan ni kí iṣẹ́ náà yọrí.

Oṣù Kẹta ọdún 1972 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Wọn kò dúró kí ọgbà parí kí wọ́n tó kan ọkọ̀. Bí àwọn kan ṣe ń gbẹ́ kòtò ràgàjì tí ọkọ̀ yóò wà, ni àwọn mìíràn ń gé irin, tí wọ́n ń jó o pọ̀. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ lọ sí ọgbà Scott Lithgow ní Scotland láti lọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di Oṣù Kẹfà ọdún 1974, ọgbà ti parí, wọ́n sì sọ ọkọ̀ méjèèjì lórúkọ. Lọ́dún 1983, Hyundai ti gba ipò kìíní láàárín àwọn tó ń kan ọkọ̀ láyé. Scott Lithgow tó kọ́ wọn níṣẹ́ kò sí mọ́.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn bí oyin. Ọ̀wọ́n epo tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973 lé àwọn oníbàárà sá, débi pé Hyundai fi ọkọ̀ mẹ́ta tí kò rí olówó dá ilé-iṣẹ́ akẹ́rù tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1976. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jìyà jù. Ìjọba Park kò fẹ́ gbọ́ pé òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fárígá lọ́gbà náà ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974. Ọdún 1987 ni wọ́n tó rí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwọn dá sílẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n tú síta ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Ọ̀rọ̀ náà kan Nàìjíríà gbọ̀ngbọ̀n. Ọkọ̀ agbéfẹ́fẹ́ gáàsì mẹ́fà tí Nigeria LNG ní kí wọ́n kan lọ́dún 2013, Gúúsù Korea ni gbogbo rẹ̀ ti wá, Hyundai sì kan méjì nínú wọn. Òfin ọdún 2003 tó fi òwò ọkọ̀ etíkun wa sílẹ̀ fún ọmọ onílẹ̀ sọ pé Nàìjíríà ni kí wọ́n ti máa kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kan náà fún mínísítà láyè láti yọ̀ǹda ẹni tí kò bá rí i ṣe. Kì í ṣe pé ọwọ́ wa kò mọ iṣẹ́: ọkọ̀ apọnpo Egina tó dé Èkó láti Korea ní Oṣù Kìíní ọdún 2018, mẹ́fà lára àwọn ẹ̀yà orí rẹ̀ ló jẹ́ pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é.

Etíkun kò wọ́n wa. Ulsan náà kò ní ju etíkun lọ nígbà tí Livanos fọwọ́ síwèé. Ẹni tí yóò kọ́kọ́ sanwó ọkọ̀ ńlá tí wọn yóò kàn nílẹ̀ yìí, tí ìjọba yóò sì dúró tì í gbágbá, ni Nàìjíríà kò tíì rí.