Ta Ló Ni Kíláàsì Ọmọ Wa: Àbújá àbí Òṣogbo?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde níbi àpérò kan ní Àbújá pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí dé ìwé kẹfà. Gẹ̀ẹ́sì ni kí gbogbo iléèwé máa fi kọ́ni báyìí, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, lọ́jọ́ 30 oṣù kọkànlá 2022, ni ìjọba tó wà níbẹ̀ nígbà náà fọwọ́ sí ìlànà ọ̀hún. Ìdí tí Mínísítà sọ ni pé àwọn agbègbè tó ń fi èdè ìyá kọ́ni jù ni ọmọ wọn ń fìdí rẹmi jù nínú WAEC, NECO àti JAMB.

Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí títí mo fi fẹ̀yìntì, ní abúlé kan lọ́nà Oǹdó lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ohun tó tún wá dùn mí jù ni bí àwọn òbí ṣe gbà pé bí Àbújá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí nìyẹn. Kò parí o.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin wí. Ìwé òfin ọdún 1999 ya ohun tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan sọ́tọ̀, ó sì kó àwọn mìíràn sí abẹ́ ohun tí òun àti ìpínlẹ̀ jọ láṣẹ lé lórí. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama wà nínú ti àjọní yìí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Òṣogbo, Ìbàdàn tàbí Adó-Èkìtì lè ṣòfin lórí wọn, ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní ipa tirẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà fún ìjọba àpapọ̀ láṣẹ láti fi òṣùwọ̀n tó kéré jù lélẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ní gbogbo ìpele. Ibi gbólóhùn yẹn ni gbogbo ìjà ti ń ṣẹ́ yọ. Bí mo ṣe kà á, òṣùwọ̀n tó kéré jù ni ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó kúrò ní kíláàsì kan. Bí a ó ṣe kọ́ ọ tó fi máa mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ ẹni tó dúró níwájú pátákó ni.

Ṣùgbọ́n Àbújá ní ohun mìíràn lọ́wọ́ ju òfin lọ. Òfin UBE ọdún 2004 ní kí wọ́n máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ nínú owó ìkọ́lé àti ohun èlò ibẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí a ń tẹ̀lé ní kíláàsì, àjọ ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣe é. Ìdánwò ńlá náà, àjọ tó ju ìpínlẹ̀ lọ ló ń ṣètò rẹ̀. Ẹni tó mú owó dání, tó mú ìwé dání, tó tún mú ìdánwò dání, kò nílò kó pariwo kí a tó ṣe ohun tó fẹ́.

Kì í ṣe bó ṣe rí látilẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ 17 oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, tí Awókòyà jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn náà ló gé ọdún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kù láti mẹ́jọ sí mẹ́fà. Iye ọmọ tó wà níléèwé fò láti bí 457,000 lọ́dún 1954 dé ohun tó lé ní 800,000. Àwọn ẹkùn yòókù ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀. Lọ́dún 1976 ni ìjọba ológun sọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ di ti gbogbo Nàìjíríà, ìlànà ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo orílẹ̀-èdè sì jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Láàrin àkókò yẹn ni ohun tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ ṣẹlẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní iléèwé St. Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ló ṣáájú, Ford Foundation ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ apá kan nínú àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì wà fún wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Apá kejì ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí a ti ń ṣe níbi gbogbo nígbà náà. Ìwé kò sí, wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wọn àwọn ọmọ náà, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ jálẹ̀ ló ṣe dáadáa jù, wọn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Fáfúnwá fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́ kò di ti gbogbo iléèwé.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìwé kẹrin lọ́dọ̀ mi tí ìyá rẹ̀ ń ta gààrí. Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló ń bá ìyá rẹ̀ jókòó ti ọjà. Nínú ìdánwò ìparí sáà kan, ìbéèrè wá ní Gẹ̀ẹ́sì pé àgbẹ̀ kan ní àpò ìrẹsì 3, kóńgò 20 ló wà nínú àpò kọ̀ọ̀kan, ó pín in dọ́gba fún ènìyàn 12, kóńgò mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Ọmọ náà kọ 35. Mo tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀ títí kí n tó rí ohun tó ṣe. Ó ti ro mẹ́ta, ogún àti méjìlá pọ̀. Ìbéèrè náà kò yé e, ló bá ro gbogbo nọ́ńbà tó rí níbẹ̀ pọ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde lọ ṣeré, mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo fi gààrí dípò ìrẹsì, mo bi í ní Yorùbá. Kò tilẹ̀ mú bírò. “Márùn-ún márùn-ún ni, mà.” Òdo ló gbà nínú ìbéèrè yẹn, mi ò sì lè yí i padà. Ẹni tó bá ka èsì rẹ̀ láti ọ́fíìsì yóò ní ọmọ yìí kò mọ ìṣirò.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba èsì ìdánwò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí lòdì sí èdè. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìwé kìíní lẹ́yìn ìlànà 2022, ní 2023, kò ní jókòó ṣe WAEC títí di 2035. Mínísítà ní ó ti tó ọdún 15 tí àwọn kan ti ń lo èdè ìyá. Ní tiwa, kíláàsì ìsàlẹ̀ la ti ń lò ó, ẹnu lásán la fi ń lò ó, láìsí ìwé, lẹ́yìn náà a ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì dán ọmọ wò. Ìjọba 2022 pàápàá sọ pé ó dìgbà tí ìwé àti tíṣà bá tó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu.

Ìdánwò náà ńkọ́? Ní 2025 kan náà, WAEC kọ́kọ́ kéde pé 38.32% péré ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú bí àwọn ṣe máàkì Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di 62.96%. Ṣáájú ìyẹn, JAMB gbà pé àṣìṣe wọn kan akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń wọn gbogbo ọmọ, àṣìṣe kan ṣoṣo sì kárí. Àwọn tó ń sọ pé òṣùwọ̀n kan náà ló yẹ kó wà fún gbogbo wa, kí wọ́n rántí máàkì ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní 2013: ọmọ Anambra, 139, ọmọ Èkó, 133, ọmọkùnrin Yobe, 2. Àbújá ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní tìtorí èyí dá ìpínlẹ̀ láre. Ní Ọ̀ṣun níbí, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá tú iléèwé tò sí ọdún mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́ta. Ní 2020, ìjọba Oyètọ́lá dá a padà sí mẹ́fà, mẹ́ta, mẹ́ta. Ọmọ tó wà láàrin ló jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà sì ni UBEC, àjọ tó ń pín owó UBE, ti kéde pé owó àwọn ìpínlẹ̀ wà nílẹ̀ tí wọn ò wá gbà, torí wọn ò fi tiwọn sílẹ̀. Èkó fi hàn pé ìpínlẹ̀ lè dá ṣe nǹkan: láti 2018 ni òfin wọn ti sọ Yorùbá di dandan ní gbogbo iléèwé, ti ìjọba àti ti aládàáni.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ṣòro. Kí Àbújá máa fowó ránṣẹ́, kó sọ ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ìparí ìwé kẹta àti ìwé kẹfà, kó sì wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ìpínlẹ̀ yan èdè àti ọ̀nà. Kí gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá mú iléèwé díẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ṣe ìṣirò kan náà ní èdè méjèèjì fún àwọn ọmọ ìwé kẹrin, kí wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Àjọ DAWN, tí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà jọ ní, tó wà ní Cocoa House n'Ìbàdàn, lè kó wọn jọ.

Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ẹ̀kọ́, tí kọmíṣọ́nnà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí, ló fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí nínú ìpàdé wọn ní Àkúrẹ́. Ẹ bá mi béèrè nípàdé PTA tó ń bọ̀: kí ni kọmíṣọ́nnà tiwa sọ níbẹ̀, ta ló sì rán an?